Nọ́ńbà Dúdú, Nọ́ńbà Búlúù

Àìkú, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà

Ìpàdé àdúgbò lónìí, díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa ara wọn. Ọ̀rọ̀ aṣọ sísá ló dá a sílẹ̀. Alága ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sá aṣọ síwájú ilé mọ́, pé ó ń bu ẹwà àdúgbò kù. Awakọ̀ tó ń gbé ilé igun dìde, ó ní ṣòkòtò òun ò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Akápò ní kó jókòó, kò jókòó. Àfi gbàù! Akápò ti gbá a létí, awakọ̀ ti kì í mọ́lẹ̀, ó sì gé e jẹ ní èjìká. Àgbàlagbà tó lọ́mọ ní yunifásítì ló ń gé ènìyàn jẹ bí ajá. Kí wọ́n tó là wọ́n, àga méjì ti dá, ẹ̀jẹ̀ sì ti kán sórí ìwé ìpàdé mi. Mo nù ún kúrò, mo ń kọ̀wé mi lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tẹ̀wé fún ìjọba, ẹ̀jẹ̀ èjìká akápò kọ́ ló máa dá mi dúró.

Òfin mẹ́tàlá la fọwọ́ sí. Kò sí aṣọ sísá síwájú ilé. Kò sí bọ́ọ̀lù gbígbá lójú títì. Ẹni tí ò bá ní káàdì ò gbọdọ̀ kiri ọjà wọlé. Ènìyàn mẹ́rin ò gbọdọ̀ dúró pa pọ̀ níwájú géètì. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, mo ní kí wọ́n tún un rò. Bí àwọn òṣèlú bá wá tọrọ ìbò, ṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan la ó máa yọjú sí wọn bí eku ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fọwọ́ sí i náà. Ṣùgbọ́n òfin keje, èmi gan-an ni mo dá a: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ aláriwo ṣiṣẹ́ nínú ilé tí ènìyàn ń gbé, ẹni tó bá rú u, kí ẹ̀ṣọ́ kó irinṣẹ́ rẹ̀. Onítáìlì tó ń gé táìlì ní àgbàlá rẹ̀ lẹ́yìn ilé mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di adití. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti bú u, ó kù kí n bú sẹ́kún.

Ajé, ọjọ́ karùn-ún

Òjò láti àárọ̀. Tòmátì tún ti gbówó lórí. Mi ò jáde.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ

Alága ti ra kámẹ́rà mẹ́rin, wọ́n ti gbé wọn sórí òpó iná. Iná tí ò sí. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni kámẹ́rà yóò máa ríran, ọjọ́ márùn-ún yòókù yóò máa sùn. Mo sọ fún un, ó ní èmi ò fẹ́ràn ìlọsíwájú. Ta ló sọ fún un? Ìlọsíwájú tó bá ń lọ ni mo fẹ́ràn.

Wọ́n tún dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí fóònù kí a lè máa fẹjọ́ ara wa sùn níbẹ̀. Fóònù tí ọmọ mi obìnrin rà fún mi ò sinmi látàárọ̀, ó ń gbọ̀n lórí tábìlì bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ajá ilé báyìí gbó. Ìyá báyìí da omi sí títì. Ẹnì kan ya fọ́tò ẹ̀yìn mi, ó fi síbẹ̀, ó ní ta ni màmá tó ń dúró síwájú géètì láti ìṣẹ́jú márùn-ún yìí? Èmi ni. Kọ́kọ́rọ́ ni mo ń wá nínú báàgì mi.

Ọmọ mi ní kí n máa fi fóònù náà tẹ ìwé ẹgbẹ́. Ìka mi kan ń bo lẹ́tà mẹ́ta mọ́lẹ̀, bí mo bá sì tẹ ọ̀rọ̀ kan, yóò yí i sí òmíràn, bíi pé òun ló kọ́ mi níwèé. Mo padà sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi. Ohun tí mo bá tẹ̀ náà ló máa ń kọ.

Ohun mìíràn tó ń bí mi nínú ni nọ́ńbà ilé. Àwọn ará kánsù wá ní oṣù tó kọjá, wọ́n fi ọ̀dà búlúù kọ nọ́ńbà tuntun sára gbogbo ilé, wọ́n ní kí fóònù lè máa fi ọ̀nà ilé wa han àlejò. Wọn ò pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ilé kan, nọ́ńbà méjì: dúdú ti àtijọ́, búlúù ti ìsinsìnyí. Ilé kẹrìnlá ni mo ń gbé látìgbà tí ọkọ mi ti wà láyé, wọ́n ní mo ti di ọgbọ̀n. Mi ò ní jẹ́ ọgbọ̀n. Nọ́ńbà dúdú ló wà nínú ìwé ẹgbẹ́, òun náà ni yóò sì máa wà níbẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Àwọn ẹ̀ṣọ́ tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Márùn-ún ni wọ́n, àjèjì ni gbogbo wọn. Olórí wọn ni wọ́n ń pè ní Gìrìpá, ọ̀dọ́kùnrin kan tí ọrùn rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n mú ẹni tó ń kiri búrẹ́dì láìní káàdì. Bẹ́líìtì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, bàtà ni wọ́n fi parí. Búrẹ́dì fọ́n ká inú ẹrẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lù ú. Mo wà lójú fèrèsé. Mo sọ sókè pé ó tọ́ sí i, ṣé kò rí pátákó tí a kọ síwájú géètì ni? Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá eyín rẹ̀. Mo pa fèrèsé dé.

Gìrìpá bá mi gbé omi wọlé lọ́sàn-án, garawa méjì lẹ́ẹ̀kan. Mo fún un ní tíì. Ó ní ẹsẹ̀ máa ń dun ìyá òun náà báyìí. Ọmọ tó mọ àgbà ni, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ oníbúrẹ́dì ṣì wà lọ́wọ́ aṣọ rẹ̀ nígbà tó ń mu tíì.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá

Onítáìlì tún bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Mo kó bàtà sẹ́sẹ̀, ó di ilé Alága. Alága ní ó yá, kí n tẹ ìwé fún ẹ̀ṣọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ kíákíá, inú ń bí mi, ọwọ́ mi sì gbóná: "Ilé kẹsàn-án ń rú òfin keje. Ẹ lọ kó gbogbo irinṣẹ́ tí ẹ bá bá níbẹ̀. Bó bá ṣagídí, ẹ má gbà fún un." Mo fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, Alága ò sọ ọ́. Èmi ni mo fi í sí i.

Gìrìpá gba ìwé náà, ó ká a sínú àpò àyà rẹ̀. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ní láti kọ ọ́.

Káfíńtà tó ń gbé òdìkejì ilé mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lónìí nítorí omi ya wọ ibẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó ń fá pákó ibùsùn ọmọ ọwọ́ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ bí. Ẹ̀rọ kankan ò sí níbẹ̀, ayùn, òòlù àti ìfági lásán ni. Gìrìpá àti ẹni mẹ́ta wọlé, wọ́n ní àwọn wá kó irinṣẹ́. Ó rò pé eré ni. Wọ́n mú ayùn, ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú ìfági, ó dì í mú, nítorí ti ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni, ọ̀gá náà sì ti kú. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ń bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n kò jáwọ́ lára ìfági náà.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ igbe, tí mo sáré sọdá. Ẹni méjì ló di ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún mọ́ orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, Gìrìpá sì ń fi ọ̀pá irin lù ú. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Mo gbọ́ bí egungun ṣe ń dún. Ó ń ní "O ń ṣagídí? O ń ṣagídí?" bó ṣe ń lù ú. Ọ̀rọ̀ mi ló wà lẹ́nu rẹ̀, mi ò sì mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Mo fi agbòjò mi lù ú lẹ́yìn títí agbòjò fi ṣẹ́. Ó yíjú padà, ó rí mi, ó yà á lẹ́nu. Ó ní, "Màmá Akọ̀wé, ṣebí ẹ̀yin…" Ìyàwó káfíńtà ti bẹ́ mọ́ ọn lójú kó tó sọ̀rọ̀ tán, ó fi èékánná ya á lẹ́rẹ̀kẹ́. Wọ́n tì í lu ògiri, wọ́n kó irinṣẹ́ lọ.

Awakọ̀ ló gbé wa lọ sọ́sibítù. Orí ẹsẹ̀ mi ni ọwọ́ náà wà látibí dé ọ̀hún. Bí ẹni pé ẹnì kan gún un nínú odó ló rí. Mo ṣépè fún Gìrìpá lójú ọ̀nà débi pé awakọ̀ ní, "Màmá, ẹ rọra."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mi ò sùn. "Ṣebí ẹ̀yin" ló ń pariwo lórí mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jáde sínú òjò, mo lọ dúró níwájú ilé káfíńtà. Mo ti ń wo ògiri yẹn láti ogún ọdún, mi ò rí i rí. Nọ́ńbà dúdú: mọ́kànlélógún. Nọ́ńbà búlúù: mẹ́sàn-án.

Mo yí lọ sẹ́yìn, sílé onítáìlì. Dúdú, mẹ́sàn-án. Búlúù, mẹ́tàdínlógójì. Ó ń gé táìlì lọ, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá."

Àjèjì ni àwọn ẹ̀ṣọ́. Búlúù nìkan ni wọ́n mọ̀. Èmi ni mo fọ́ káfíńtà lọ́wọ́.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Alága pè mí wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Òun náà ti rí i. Kò gbá mi létí, kò bú mi, ìbá sàn bó bú mi. Ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bọ́ ọmọ. Ó ní, "Akọ̀wé, mo ti gba ìwé yẹn lọ́wọ́ ọmọ náà, mo sì ti sun ún. Ó mutí, ó jí irinṣẹ́ ènìyàn, kò sẹ́ni tó rán an. Mo ti lé e. Ìbò ẹgbẹ́ ku oṣù kan. Orúkọ yín ló wà nísàlẹ̀ ìwé yẹn, kì í ṣe tèmi, ṣé ẹ gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Èmi tí ẹnu mi ò dákẹ́ rí ní ìpàdé kan.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn: ọ̀mùtí, olè, ẹranko. Mo rí àwọn tó fi èpè sí i. Wọ́n ní kí èmi náà sọ nǹkan gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Mo pa fóònù.

Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún

Wọ́n ti gé ìka mẹ́ta kúrò. Àtàǹpàkò àti ìka kékeré ló ṣẹ́kù. Dókítà ní bí àwọn ò bá gé e, yóò jẹrà dé ìgbọ̀nwọ́. Mo gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ lọ. Káfíńtà ń rẹ́rìn-ín sí mi láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní láti òní lọ bí òun bá juwọ́ sí mi, kí n mọ̀ pé ìdajì ìkíni ni. Ìyàwó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó dì mọ́ mi ní kọ́rídọ̀, ó ní bí kò bá sí èmi lọ́jọ́ yẹn, wọn ìbá ti pa á. Mo dúró gbọnrangandan bí òpó. Mi ò tilẹ̀ lè gbé ọwọ́ mi lé e lẹ́yìn.

Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé mi, ó dùn ún sọ fún ẹlòmíràn.

Ìṣẹ́gun, ogúnjọ́

Wọ́n ti dá káfíńtà sílẹ̀ lọ́sibítù. Ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ bá mi kọ lẹ́tà sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí Gìrìpá." Mo ní kó jẹ́ kí ara rẹ̀ yá ná. Ìyàwó rẹ̀ ní rárá, lónìí ni.

Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, òun ń sọ, mo ń tẹ̀. Ọ̀mùtí. Olè. "Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò rán níṣẹ́." Ìka mi dúró lórí gbólóhùn yẹn. Káfíńtà ní, "Ṣé ẹ̀rọ há ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó há. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tilẹ̀ tún gírámà rẹ̀ ṣe kó lè wọ̀ wọ́n lára, Ọlọ́run má ṣàì dárí jì mí. Lẹ́tà tó dára jù tí mo ti tẹ̀ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni. Ìyàwó rẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀, ó fi sínú ẹgbẹ́ orí fóònù.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún

Gìrìpá padà wá lónìí. Ẹrù rẹ̀ ló fẹ́ kó nínú ilé ẹ̀ṣọ́, bàtà kan, aṣọ méjì àti rédíò kékeré. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, oòrùn mú. Ẹnì kan fi sórí fóònù pé "Ó ti dé." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Kí n tó kà á tán, gbogbo ilẹ̀kùn ti ń ṣí.

Akápò wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀, àwọn tó gé ara wọn jẹ lọ́jọ́sí ti di ọ̀rẹ́. Wọ́n mú un níwájú ilé mi gan-an. Òkúta kọ́kọ́ bà á ní etí, ó yí po, ó ṣubú. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Wọ́n fi igi lù ú, wọ́n fi bàtà gún un, ẹnì kan gbé búlọ́ọ̀kù kan wá láti ilé tí wọ́n ń kọ́, ó sọ ọ́ lé e lórúnkún. Igbe tó ké, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí lẹ́nu ẹ̀dá. Ó ń ní, "Ìwé ni! Ìwé ni wọ́n fún mi!" Wọ́n rò pé káàdì ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ló ń sọ. Mo wà lójú fèrèsé. Ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ oníbúrẹ́dì náà ni.

Ìyàwó káfíńtà dé pẹ̀lú pákó. Wọ́n yà fún un. Ó lù ú lórí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Gìrìpá gbé orí sókè, tó rí mi. Ó ní, "Màmá Akọ̀wé!" Ó tún pè mí. Ó pè mí nígbà kẹta, ohùn rẹ̀ ti ń lọlẹ̀. Ẹnu mi ṣí, nǹkan kan ò jáde. Mo lè sọ pé ẹ̀rù ló bà mí. Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gbójú sókè wò mí. Pákó náà tún bà á. Kò pe ẹnikẹ́ni mọ́.

Kámẹ́rà kankan ò rí wọn, kò síná.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ó kú láàárọ̀ yìí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Àwọn ọlọ́pàá wá, wọ́n béèrè ilé dé ilé. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Gbogbo àdúgbò ló ń sùn ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n bi mí, mo ní ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Alága ti tú ẹgbẹ́ orí fóònù ká, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ti wọmi. Mo máa ń bú fóònù tẹ́lẹ̀ pé kì í gbàgbé nǹkan. Ó mọ bí a ṣe ń gbàgbé, tí ẹni tó ni ín bá fẹ́.

Lọ́sàn-án, òṣèlú kan gba iwájú géètì kọjá pẹ̀lú gbohùngbohùn lórí mọ́tò. Ó ní òun gbọ́ bí àdúgbò wa ṣe dìde fún ara rẹ̀, ó ní irú ìlú tí òun fẹ́ kọ́ nìyẹn. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ju mẹ́rin lọ dáadáa ni wọ́n dúró pa pọ̀, kò sẹ́ni tó rántí òfin. Wọ́n ti fọ ojú títì níwájú ilé mi, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú kòtò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ń da omi sí i, òjò náà ń da tirẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù keje

Mo ti sọ fún káfíńtà. Ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́jà. Ó jókòó síwájú ilé, ó ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ òsì kan ìṣó, ìṣó ń wọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìsinmi: nọ́ńbà dúdú, nọ́ńbà búlúù, "bó bá ṣagídí," lẹ́tà sí ọlọ́pàá, bí ọmọ náà ṣe pè mí. Mo ti múra sílẹ̀ pé yóò gbá mi. Mo tilẹ̀ ń retí rẹ̀.

Ó gbé òòlù sílẹ̀. Ó ní ọ̀nà tí ọmọ náà gbà ń fi ọ̀pá irin lu òun, ìwé kankan ò kọ́ ọ níyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí a rán níṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó wá jalè. Lẹ́yìn náà ló wò mí lójú. "Ìyàwó mi ò gbọdọ̀ gbọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sùn báyìí, Màmá. Ohun tó ń jẹ́ kó rí oorun sùn ni pé olè ló lù. Ẹ má gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo ní mo fẹ́ sọ ọ́ ní ìpàdé, kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Ó ní kí n bá òun gbé e mì, pé ọwọ́ òun ló lọ, òun ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe parí. Ìyàwó rẹ̀ dé, ó fún mi ní ọsàn mẹ́rin nínú èyí tó rà. Mo gbà á.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ìyá Gìrìpá wá. Obìnrin kúkúrú, ẹsẹ̀ ń dùn ún lóòótọ́, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ó ní ọmọ òun sọ̀rọ̀ mi fún òun, pé màmá kan wà tó ń kọ̀wé fún ẹgbẹ́, tó máa ń fún un ní tíì. Lẹ́tà tí mo tẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wọn lórí fóònù. Ní àdúgbò tirẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a sin ín. Wọ́n ní olè kì í ní òkú.

Kò sunkún. Ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó ń dúró de dókítà. "Mi ò ní kẹ́ ẹ dá a padà fún mi. Mo mọ ọmọ mi, ó máa ń lu ènìyàn, mo ti bá a wí títí. Ṣùgbọ́n kì í jalè. Ẹ kàn bá mi kọ ọ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Bí kì í bá ṣòótọ́, kẹ́ ẹ sọ fún mi, màá lọ."

Mo ní kó padà wá lọ́la.

Ìyàwó káfíńtà níhìn-ín, ìyá yìí lọ́hùn-ún. Ẹni tí mo bá dákẹ́ fún, mo ti pa ẹnì kejì. Kò sì sí ọ̀nà tí mo lè gbà kí n má pa ẹnikẹ́ni, ọjọ́ tí ọ̀nà yẹn wà ti kọjá.

Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo ti tẹ̀ ẹ́. Mo fi kábọ́ọ̀nù sáàárín kó lè di méjì. Mo kọ ọ́ pé èmi, akọ̀wé ẹgbẹ́, ni mo kọ nọ́ńbà àtijọ́ sínú ìwé tí mo fún ọmọ náà, pé ìwé náà ló gbé e dé ilé tí kì í ṣe ilé tí a rán an, pé èmi náà ni mo ní kó má gbà bí wọ́n bá ṣagídí, pé lẹ́tà tó pè é ní olè, irọ́ ni, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Mo fọwọ́ sí i. Alága gbọ́, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní ẹ̀wọ̀n ni mo ń wá yìí, ṣé mo mọ̀? Mo ní kó kúrò níbẹ̀, pé òun nìkan ti ju mẹ́rin lọ níwájú géètì mi.

Ìyá Gìrìpá dé ní aago mẹ́sàn-án. Ó ní kí n kà á sókè. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti sọ pé ó pè mí, tí mi ò dáhùn, ó gbójú kúrò lára mi, kò sì wò mí mọ́ títí ó fi dìde. Ó ká ìwé náà mọ́ inú gèlè rẹ̀. Kò dúpẹ́, ìdí kankan ò sì sí tó fi yẹ kó dúpẹ́.

Mo mú èkejì, mo sọdá. Mi ò lè jẹ́ kó lọ kà á lórí fóònù. Káfíńtà ti lọ sọ́sibítù kí wọ́n lọ tún ọwọ́ rẹ̀ dì. Ìyàwó rẹ̀ ń gbálẹ̀. Mo ní kó jókòó, ó ní òun ò ní jókòó, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó dúró kà á. Ó máa ń fi ẹnu ka ìwé díẹ̀díẹ̀, mo ń wo ètè rẹ̀. Ó kà á tán. Ó padà sókè, ó tún wá ibì kan níbẹ̀, ó fi ìka lé e.

Ó ní, "Ó pè yín lọ́jọ́ yẹn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

"Mo gbọ́ ọ. Mo rò pé ó ń ṣépè fún yín ni. Nítorí yín ni mo ṣe lù ú lẹ́ẹ̀kejì."

Ó dá ìwé náà padà fún mi, ó sì wọlé.